Igi Ọsàn Inú Ilé Ewúrẹ́

Òórùn ìmí ewúrẹ́ ló jí mi lánàá. Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé ìtànná ló ń rán òun létí ìgbà èwe, tàbí èéfín ilé ìdáná, tàbí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ gbígbẹ. Èmi kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ìmí ewúrẹ́ tí a pò mọ́ eérú, tí a dà sí ìdí igi kí oòrùn tó mú, òun ló gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá, ó sì gbé mi, tarúgbó-tarúgbó mi, padà sí abúlé kan lójú ọ̀nà Akínyẹlé, ní ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pàṣẹ fún wa.

Mo mọ ibi tí òórùn náà ti wá. Aládùúgbò mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, hú igi ọsàn kan níwájú ilé rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kí ó lè rí àyè kọ́ ilé ọkọ̀ rẹ̀, ó sì tún un gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà náà, ewé ṣáá ni igi ń pa. Bí mo ti jókòó sí etí ibùsùn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òdìkejì ògiri, tó ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, da garawa kan sí i. Àbí ẹsẹ̀ rẹ ni igi yìí ò fẹ́? Ọdún tó o wọlé náà ló dákẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ń ṣeré ni o."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ẹ̀rín kúkúrú, irú èyí tí ènìyàn ń fi san gbèsè tí kò jẹ. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí, láti ẹnu ẹlòmíràn, kí wọ́n tó bí ọ̀gá ilé-ìwé yìí rárá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́.

Ní agboolé wa, igi ọsàn kan ṣoṣo ló wà. Ti Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi. Ó ti Abẹ́òkúta di kóró rẹ̀ sí ìṣẹ́tí ìró bọ̀ wálé, ó sì rì í mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà níwájú ilé, níbi tí ilẹ̀ ti le bí ẹ̀yìn ìjàpá, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń bomi rin ín. Àgùntàn ń fi ara ha ìdí rẹ̀, àwa ọmọdé ń gun ẹ̀ka rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin, àwọn àgbà ọkùnrin sì ń já ẹ̀gún rẹ̀ tayín. Igi náà fara da gbogbo wa. Ó rù, ó kéré, ewé rẹ̀ kò tó fi bo ẹyẹ lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan rọ̀, ó tanná funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba iwájú ilé kan. Ìyá Àgbà kéde fún gbogbo agboolé pé òun kò ní wulẹ̀ po ọṣẹ mọ́, nítorí pé ẹni tó bá ti gba abẹ́ igi òun kọjá, ó ti wẹ̀. Ọsàn mọ́kànlá ló so lọ́dún náà. A ń kà wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń ka ọmọ tó lọ sódò.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni òyìnbó ajẹ́lẹ̀ rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá pẹ̀lú okùn àti èèkàn. Wọ́n ta okùn náà tààrà láti abúlé kan dé èkejì, wọ́n ní ibi tí okùn bá gbà ni ọ̀nà yóò gbà. Okùn kò mọ ìta ẹni, kò mọ ojú oórì, kò sì mọ ọsàn. Ìdí igi Ìyá Àgbà gan-an ló gbà kọjá. Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, tí í ṣe baálé agboolé wa, ṣí fìlà, ó bẹ ọkùnrin tó di okùn mú. Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé okùn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo agboolé ló bú ọkùnrin náà lẹ́yìn tó lọ tán, tí wọ́n pè é ní ẹni tí kò láàánú, ẹni tí ìyá rẹ̀ kò kọ́.

A ó hú igi náà, a ó sì tún un gbìn: bí Bàbá Àgbà ti pinnu nìyẹn. Kò sì sí ibi tó yẹ ẹ́ lójú wọn bí kò ṣe inú ilé ewúrẹ́ àtijọ́ lẹ́yìn ilé, níbi tí ìmí ọdún púpọ̀ ti sọ ilẹ̀ di dúdú bí kóró iṣin. Ilẹ̀ ọlọ́ràá jù lọ ní agboolé wa nìyẹn. Wọ́n fẹ́ bọlá fún igi. Ọkùnrin mẹ́rin gbẹ́ ìdí rẹ̀ yí ká, wọ́n fi àdá gé gbòǹgbò rẹ̀ tó nà jáde, wọ́n fi ọ̀pá méjì gbé e pẹ̀lú odindi ìṣù erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n sì ń kọrin bí ẹni gbé ọlọ́lá.

Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n gbé Àníkẹ́ wá. Ìyàwó Àkànní ni, àbúrò bàbá mi. Láti ìhà Lálùpọn ni wọ́n ti mú un wá, ọ̀nà tí àwọn tó sìn ín wá fi ẹsẹ̀ rìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ìyàwó tuntun wọlé kí a tó fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sọ igi kalẹ̀ sínú ihò, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n pe ìyàwó, kí wọ́n tún ẹsẹ̀ náà wẹ̀ sí etí ihò, kí omi náà sì ṣàn lọ sí ìdí igi. "Ẹsẹ̀ tuntun, ilẹ̀ tuntun," ló wí. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Àníkẹ́ dúró níbẹ̀, omi ń ro tótó ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú. Kò sí ẹni tó wí fún un pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so òun àti igi pọ̀ ni.

Àníkẹ́ di ọ̀rẹ́ mi. Ó bá mi nílé, nítorí náà kò lè pe orúkọ mi bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọdébìnrin tí imú rẹ̀ kì í gbẹ. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Adúmáadán ló ń pè mí, nítorí pé mo dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà mìíràn á kúnlẹ̀ kí mi: "Ọkọ mi, ẹ kú òwúrọ̀." Èmi náà á wú, n ó dá a lóhùn bí baálé, àwọn obìnrin á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń fi ewé ìrèké ṣe fèrè. Òun náà ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ gbá ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, tó sì ń dúró díẹ̀ ní ìdí igi, tó ń wo òkè.

Ní ọdún kìíní, igi kò tanná. Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ní ọdún kejì, kò tanná. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó dú, ó ń dán bí ẹni fi òrí para. Ẹ̀ka rẹ̀ ń ga ju òrùlé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ikùn Àníkẹ́ kò ga. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní odò, ó wọ ilé ìdáná, ó dé ìloro. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ fún obìnrin kan tó wá kí i: "Ọjọ́ kan náà la gbìn wọ́n. Ewé ló wà, èso ni ò sí." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. "Eré ni mo ń ṣe o," ni Ìyá Àgbà fi kún un.

Àníkẹ́ mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé bí igi bá tanná, ọ̀rọ̀ náà yóò rọlẹ̀. Ọgbọ́n ọmọdé wá sọ sí mi nínú. Ewúrẹ́ kò sùn sí ibẹ̀ mọ́, bóyá ebi ló ń pa igi! Láti ọjọ́ náà, kí àkùkọ tó kọ tán, mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí ilé ewúrẹ́ tuntun. Àníkẹ́ á gbá ìmí jọ, èmi á rù ú, a ó pò ó mọ́ eérú, a ó dà á sí ìdí igi, a ó bu omi lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ló bi mí pé, "Adúmáadán, ṣé kò pọ̀ jù báyìí?" Mo ní, "Rárá. Ẹ wo ewé rẹ̀, ó ń jẹun!" Ọdún kan gbáko ni mo fi rù ú. Orí mi ń rùn débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi kì í jókòó tì mí. Mo rò pé mo ń gba ọ̀rẹ́ mi là.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún kẹta ni wọ́n dá igi náà lẹ́jọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí igi eléso bá kọ̀ tí kò so, a kì í ṣàdédé gé e. Ẹnì kan á mú àdá, á ṣe bí ẹni tí inú ń bí, á ṣá a, á halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹlòmíràn á dúró fún igi, á bẹ̀bẹ̀, á ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Eré ni, òótọ́ sì ni, bí ọ̀pọ̀ nǹkan wa ti máa ń jẹ́. Gbogbo agboolé péjọ. Nítorí pé ọjọ́ kan náà la gbìn wọ́n, Àníkẹ́ ni wọ́n ní kó bẹ̀bẹ̀.

"Ìwọ igi yìí!" Bàbá Àgbà kígbe, ètè rẹ̀ funfun fún ọyẹ́. "A gbé ọ ni, a ò wọ́ ọ. Ilẹ̀ ewúrẹ́ mi gan-an la fún ọ. O jẹ, o yó, o ń dán. Èso dà?" Ó ṣá a, èèpo fò. "Èso dà, mo ní?" Ó tún ṣá a, ó ń yí i ká, ọgbẹ́ tẹ̀lé ọgbẹ́.

Àníkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, bàbá ọkọ mi. Ẹ fi jì í. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé e wá, ilé ni ò tíì mọ́ ọn lára."

"Ọ̀nà jíjìn wo?" obìnrin ilé kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ṣebí iwájú ilé ni!" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀.

"Ta ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀?" Bàbá Àgbà béèrè.

"Èmi ni, bàbá."

"Ó dáa. Nítorí tìẹ, mo fún un ní ọdún kan sí i."

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Àwọn ènìyàn ti ń gbọn ìdí aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò lè jẹ́ kí adùn náà kọjá lọ. "Ọdún kan náà ni tìẹ náà o, ìyàwó. Eré ni mo ń ṣe o."

Àníkẹ́ kò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló ti gbé ojú sókè, ó wò wá yí ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Igi rí ẹni bẹ̀bẹ̀ fún un, Ìyá," ló wí, pẹ̀lẹ́. "Ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún èmi?"

Ọyẹ́ fẹ́ kọjá láàárín wa. Àkànní, ọkọ rẹ̀, ń wo ẹnu ọkọ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i lára. Bàbá Àgbà, ẹni tó ṣí fìlà bẹ ọkùnrin olókùn, ń nu àdá. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ní ẹnu. Mo mọ ìdáhùn náà, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde ni: "Èmi ni." Ọ̀rọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà, ẹ̀kọ́ náà sì ti wọ̀ mí lára. Mo dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá Àníkẹ́ ní ìdí igi, igbá ẹrù rẹ̀ wà lórí. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi dání. Ó fi ọwọ́ kan ọgbẹ́ ara igi náà. "Adúmáadán," ló wí, "ó tó. Fi í sílẹ̀ kó sinmi." Ó gba ọ̀nà tuntun òyìnbó lọ, ọ̀nà tó tọ́ tààrà, tó jẹ́ pé mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi kéré bí èèrà. N kò da apẹ̀rẹ̀ kankan sí ìdí igi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀lé e, igi náà tanná.

N kò lè sọ fún yín bí ayọ̀ wọn ti pọ̀ tó. "Ẹ ò rí i?" ni wọ́n ń bi ara wọn. "Ó lọ tán, igi mí." Obìnrin tó pariwo ọjọ́sí ní òun ti mọ̀ láti ilẹ̀. Òórùn ìtànná gba ẹ̀yìnkùlé kan, mo sì fi ọwọ́ di imú. Nígbà tí ọsàn pọ́n, Ìyá Àgbà mú àkọ́já rẹ̀ lé mi lọ́wọ́: "Gbà, ìwọ tó bá a ṣe wàhálà." Mo fi í pa mọ́ sínú akèrègbè, mo ń wá ẹni tó ń lọ sí ìhà Lálùpọn. N kò rí. Ó rà síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní yunifásítì kan lókè òkun, olùkọ́ kan dúró láàárín ọgbà, ó ń ṣàlàyé fún wa ìdí tí igi tí a hú tún gbìn kì í fi í tanná. Igi tí a gé ní gbòǹgbò, ó ní, á kọ́kọ́ gbàgbé èso, á máa wá gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fún un ní ọdún kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìmí ẹran bọ́ ọ láìsinmi, ewé ni yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ pa. Igi tí kò rí ìdí láti bẹ̀rù ikú kì í kánjú so èso. Ó ní àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ a máa ha èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì fi ebi pa á díẹ̀, kí ó lè rántí. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kò kọ nǹkan kan. Àdá Bàbá Àgbà ni mo ń gbọ́, apẹ̀rẹ̀ mi ni mo ń rí. Èmi ni mo bọ́ igi náà yó. Ìfẹ́ mi ló pa ìtànná rẹ̀, "fi í sílẹ̀ kó sinmi" tí Àníkẹ́ wí ló sì jí i. Ẹni tí wọ́n lé nítorí igi ni ó wo igi sàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín fẹ́ béèrè. Ǹjẹ́ Àníkẹ́ bímọ níbi tó lọ? Ẹnì kan sọ fún mi pé ó bí mẹ́ta. Ẹlòmíràn sọ pé kò bí rárá. Ó dá àwọn méjèèjì lójú. Èmi kò wádìí, nítorí pé ìbéèrè náà gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá bí mẹ́ta, ṣé ìgbà náà ni ẹ ó tó gbà pé ènìyàn ni? Ìwé igi ni mo kà fún yín. Ènìyàn kì í ṣe igi. A kì í fi àdá ha á kí ó lè so. Àwọn ènìyàn mi mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò lẹ́nu, ọgbọ́n ńlá ni, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní òmùgọ̀. Ohun tí ń bí mi nínú ni pé wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ nílé, wọ́n ná an fún igi tán, kò ku nǹkan kan fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ayé ti yí padà. Ọ̀nà tí okùn là ti di ọ̀nà ọlọ́dà, agboolé wa ti di ilé páànù, ilé ewúrẹ́ ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́ ń gba ìwé ẹ̀rí bí ẹni ń já ewé. Ọ̀gá ilé-ìwé aládùúgbò mi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó mọ ohun tí gbòǹgbò ń ṣe. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ ìyàwó ló ń wò.

Lánàá, mo mú ọ̀pá mi, mo yí ògiri ká, mo wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ti mú àdá jáde lóòótọ́. Ọmọbìnrin náà dúró tì í, garawa lọ́wọ́. "Háà, Mama, ẹ káàbọ̀," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ̀yin lẹ ó ṣe onígbọ̀wọ́ igi yìí?"

"Èmi ni," mo ní. "Kì í ṣe ti igi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gbòǹgbò fún un, àti ti ìmí, àti ti ilẹ̀ tó sanra jù, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ó ń mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní òun mọ̀ ọ́n, ó ní eré lásán ni òun ń bá ìyàwó ṣe. Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ìyàwó," mo ní, "gbé garawa yẹn kalẹ̀." Ó wo bàbá ọkọ rẹ̀, ó wò mí, ó gbé e kalẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, ó sì di ọ̀pá mi mú fún mi nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta.

Ní òwúrọ̀ yìí, kí oòrùn tó mú, òórùn ìmí ewúrẹ́ tún gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí mo lè kọ ọ́ dé. Ọ̀pá mi dà?